Ọwọ́ lẹ dè, ọkàn ló ń rìn: lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú òfin ojú pópó àgbáyé

Sí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ààbò ojú pópó, ní Geneva.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, tọkùnrin tobìnrin,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ kò mọ̀ mí. Awakọ̀ lásán ni mí; n kì í ṣe agbẹjọ́rò, n kò sì ní oyè tí mo lè fi dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ̀yin ń ṣòfin fún ni èmi ń gbà lójoojúmọ́, ìyẹn ló fún mi lẹ́nu láti bá yín sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ mi kò ju orí gbólóhùn mẹ́ta lọ nínú àdéhùn ìrìnnà ojú pópó tí wọ́n fọwọ́ sí ní Vienna ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1968, èyí tí ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín títí dòní. Abala 8, ẹsẹ̀ 6 ni wọ́n wà, ọdún 2006 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí mo bá fi ẹnu ara mi sọ wọ́n, ohun tí wọ́n wí nìyí: kí awakọ̀ máa dín ohunkóhun tí kì í ṣe ìwakọ̀ kù nígbà gbogbo; kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe òfin lórí bí awakọ̀ ṣe ń lo fóònù; àti pé, bó ti wù kó rí, kí òfin bẹ́ẹ̀ ka fóònù tí a fi ọwọ́ mú léèwọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ.

Fóònù tí a fi ọwọ́ mú. Níbẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bá yín jà, ìjà ọmọlúàbí.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé lẹ́tà yìí lọ fún àwọn tó fẹ́ kí a fagi lé òfin náà pátápátá. Mo gbà pé ó tọ́ kí òfin wà. Mo gbà pé awakọ̀ tó ń tẹ fóònù lórí eré jẹ̀bi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mutí wakọ̀ ṣe jẹ̀bi. Ẹ̀sùn tí mo gbé wá ni pé ọwọ́ lẹ dè, nígbà tó jẹ́ pé ọkàn ni kò sí nílé. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ara mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ka ara mi mọ́ àwọn tó ń pa òfin mọ́. N kì í gbé fóònù sétí bí mo bá ń wakọ̀. Mo ti so ó mọ́ ẹ̀rọ inú ọkọ̀, ohùn ẹni tó bá pè á máa jáde nínú lásípíkà, ọwọ́ mi méjèèjì á sì wà lórí sítíárìn bí ti ẹni tó ń ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ní ọjọ́ kan, àbúrò mi pè. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, irú èyí tí ẹnì kan á ti ní ohun tó fẹ́ sọ kí èkejì tó parí tirẹ̀. A fà á, a fà á, ó parí. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé mo ti fi kìlómítà mẹ́ta kọjá ibi tó yẹ kí n yà, ibi tí mo ń yà ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá.

Kíkọjá kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé iná adarí ọkọ̀ kan wà láàárín ibi tí mo ti gbé ìpè náà àti ibi tí mo ti ta jí. Mo ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá pupa ló ń tàn tàbí àwọ̀ ewé. Ojú mi là sílẹ̀, iwájú ni mo ń wò, kò sì sí ọlọ́pàá kankan lábẹ́ ọ̀run tó lè rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan kà sí mi lọ́rùn. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Èmi kò sunkún, n kò sì ríran.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo lọ ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ, inú sì bí mi, torí pé kì í ṣe àná ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ní ọdún 1997, àwọn olùwádìí méjì ní Toronto ní Kánádà, Donald Redelmeier àti Robert Tibshirani, kó àkọsílẹ̀ ìpè fóònù awakọ̀ 699 tó ti ní ìjàǹbá, wọ́n yẹ ìpè tó lé ní 26,000 wò, wọ́n sì fi àkókò ìpè kọ̀ọ̀kan wé àkókò tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí i pé ewu ìjàǹbá fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ga sí i nígbà tí awakọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n tún rí i pé àwọn tó ń lo fóònù láìfọwọ́ kàn án kò sàn ju àwọn tó gbé e sétí lọ. Ní ọdún 2005, ìwádìí mìíràn ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, láàárín awakọ̀ 456 tí ìjàǹbá gbé dé ilé ìwòsàn, rí ohun kan náà: ìlọ́po mẹ́rin, fọwọ́ mú un, má fọwọ́ mú un. Ìwé ti Toronto ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí gbólóhùn yín nípa ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ń bi yín léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ta ló kà á nínú yín?

Ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà, David Strayer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí tó tún wọ̀ mí lára jù. Wọ́n mú ènìyàn 40 jókòó sídìí ẹ̀rọ tó dà bí ọkọ̀. Ní ìgbà kan wọ́n wakọ̀ lásán, ní ìgbà kan wọ́n fọwọ́ mú fóònù, ní ìgbà kan wọn kò fọwọ́ mú un, ní ìgbà kan wọ́n mutí dé ìwọ̀n tí òfin Amẹ́ríkà kà sí ọ̀tí àmupara. Ọdún 2006 ni wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde, ọdún yẹn kan náà tí òfin yín jáde. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù pẹ́ kí wọ́n tó tẹ bíréèkì. Ẹni mẹ́ta nínú wọn kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú wọn. Nínú àwọn tó mutí, kò sí ẹyọ kan tó kọlu nǹkan. Kì í ṣe pé mo ń yin ọ̀tí o, kí ẹnì kankan má sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín fífọwọ́ mú fóònù àti àìfọwọ́ mú un? Kò sí.

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn máa ń bi mí bí mo bá dé ibí ni pé: ẹni tó jókòó ti awakọ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà kì í sọ̀rọ̀ ni? Ìbéèrè tó dára ni, ó sì yẹ kí a dúró tì í díẹ̀.

Ẹni tó jókòó ti ọ ń rí ohun tí o ń rí. Bí tírélà bá ṣàdédé já wọ iwájú yín, ọ̀rọ̀ á kú sí i lẹ́nu kí ìwọ tó sọ pé kó dákẹ́. Ẹ̀rù ń ba òun náà, ara tirẹ̀ náà wà nínú ọkọ̀. Bí ibi tí ẹ ó yà bá ń sún mọ́ ọn, á na ọwọ́: "Ibẹ̀ yẹn nìyẹn o." Ẹni tó wà lórí fóònù kò rí nǹkan kan. Yàrá ló wà, tàbí ọ́fíìsì, tàbí orí bẹ́ẹ̀dì. Bí o bá dákẹ́ nítorí pé ọmọdé kan sáré wọ títì, á ní, "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀? Hẹ́lóò?" Ìwọ náà á sì dáhùn, torí pé ìtìjú ni kí ènìyàn máa pè ọ́ kí o dákẹ́. Strayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí náà wò ní 2008. Wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ yà síbi ìsinmi kan lójú ọ̀nà márosẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló kọjá ibẹ̀ láìyà. Àwọn tí ẹnì kejì jókòó tì, díẹ̀ péré ló kọjá rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ká mọ́.

Ẹnìkan á wá sọ pé, "Ìyẹn kàn yín. Èmi lè ṣe méjèèjì pọ̀." Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní tòótọ́. Nínú ènìyàn 200 tí wọ́n dán wò ní Utah, nǹkan bí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló lè wakọ̀ kí wọ́n sì máa dáhùn ìbéèrè lórí fóònù láìsí pé ọ̀kankan ṣe àkóbá fún èkejì. Ẹnì kan nínú ogójì. N kò tíì pàdé awakọ̀ kan tí kò gbà pé òun ni ẹni náà.

Ó kù ọ̀rọ̀ òmìnira, èyí tí àwọn tó kórìíra òfin yìí máa ń gbé síwájú. Wọ́n á ní ọkọ̀ òun ni, ẹnu òun ni, kí ló kan ìjọba? Ẹ kò fòfin de rédíò. Ẹ kò fòfin de ọmọ tó ń ké lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹni tó ń jẹun lórí ìdúró tráfíìkì kò rí ọlọ́pàá kankan. N kò fojú kékeré wo àwíjàre yìí. Òfin tó bá mú ẹnì kan tó sì fi ẹlẹ́ṣẹ̀ bíi tirẹ̀ sílẹ̀ ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ṣùgbọ́n rédíò kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè kó sì máa retí èsì. Ọmọ tó ń ké, kò sí òbí tó yàn án. Fóònù, ènìyàn lè pa á kó tó ṣíná ọkọ̀. Èyí tó wá ga jù ni pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí títì kò sí nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà. Kò mọ ẹni tó pè, kò gbọ́ ìròyìn tó dùn, èrè rẹ̀ kò kàn án rárá. Ikú rẹ̀ nìkan ló lè kàn án. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ló ń kú lójú pópó lọ́dún kan, àti pé ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ àti àwọn ọlọ́kadà. Fóònù kọ́ ló pa gbogbo wọn, n kò ní fi irọ́ ran ẹjọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní irin kankan láti fi bo ara ni ó ń san gbèsè ọ̀rọ̀ tí kò bá wọn sọ, mo rò pé ìjọba ní ẹnu níbẹ̀.

Nítorí náà, òfin náà tọ́. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ jókòó dáadáa, torí pé ibí ni mo ti ní ọ̀rọ̀ tí kò ní dùn mọ́ yín nínú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, ní Gray Summit ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan tó ń wa píkọ́ọ̀pù gba àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì fi ránṣẹ́, 11 ni gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 11. Ó kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan kọlu òun, bọ́ọ̀sì ilé ìwé kejì tún kọlu ti àkọ́kọ́. Ènìyàn méjì kú, òun alára àti ọmọ ilé ìwé kan. 38 fara pa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sọ nìyí: òfin ti wà. Láti ọdún tó ṣáájú ni Missouri ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ lórí ìwakọ̀ léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò tíì ju ọmọ ọdún 21 lọ. Òfin náà wà lórí ìwé, ọmọ náà wà lójú ọ̀nà, wọn kò pàdé ara wọn.

Ní New York, ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ fòfin de fóònù àgbésétí ní Amẹ́ríkà ní 2001, àwọn olùwádìí dúró sẹ́bàá títì, wọ́n ń ka àwọn tó gbé fóònù sétí. Kí òfin tó dé, 2.3 ni nínú ọgọ́rùn-ún awakọ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó lọ sílẹ̀ sí 1.1. Nígbà tó máa fi tó nǹkan bí ọdún kan, ó ti padà sí 2.1. Òfin kò yí padà o, ẹ̀rù rẹ̀ ló ti kúrò lára. Ní 2010 ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ń ṣèwádìí fún àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ní Amẹ́ríkà wo ìpínlẹ̀ mẹ́rin tó ti fòfin de àtẹ̀jíṣẹ́. Ìjàǹbá kò dín kù. Ní mẹ́ta nínú wọn, ṣe ló lé díẹ̀ sí i. Àlàyé tí wọ́n rò pé ó lè fa èyí ni pé àwọn awakọ̀ ti ń gbé fóònù sílẹ̀ sórí itan kí ọlọ́pàá má baà rí wọn, ojú wọn sì wá jìnnà sí ọ̀nà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gba èyí gbọ́, ojú mi náà sì ti rí i. Bí ẹ bá rí awakọ̀ tó tẹrí ba níbi iná pupa, tó ń rẹ́rìn-ín sí itan ara rẹ̀, ẹ kò nílò olùwádìí.

N kò ní fi èyí tó le jù pamọ́ fún yín, torí pé àwọn alátakò yín mọ̀ ọ́n. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Saurabh Bhargava àti Vikram Pathania, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2013. Wọ́n lo ohun kan tó gbọ́n: nígbà kan ní Amẹ́ríkà, ìpè fóònù máa ń di ọ̀fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí aago bá ti lù, àwọn awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ènìyàn, ìpè á fi nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Wọ́n wo ìjàǹbá lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Kò lé sí i. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn jókòó lórí tábìlì, ẹ má ṣe fi nǹkan bò ó. Èrò tèmi ni pé àwọn mìíràn máa ń dẹ eré bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, àti pé ẹni tó máa ń tòògbé lálẹ́ lè rí ìpè bí ohun tó jí i. Ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n sì wọ̀n. Wọn kò wọn títẹ̀, wọn kò wọn wíwo fídíò, torí pé fóònù ayé ìgbà náà kò tíì mọ irú ìyẹn. Ní ti títẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ní àríyànjiyàn púpọ̀: àwọn onímọ̀ Yunifásítì Virginia Tech ní Amẹ́ríkà tó fi kámẹ́rà sínú ọkọ̀ akẹ́rù ròyìn ní 2009 pé awakọ̀ tó ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń gbójú kúrò lọ́nà fún ìṣẹ́jú àáyá 4.6 nínú mẹ́fà tó yí ìṣẹ̀lẹ̀ ewu ká. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ti fi ojú dídì rin nǹkan bí mítà 128 nìyẹn.

Nígbà wo wá ni òfin máa ń ṣiṣẹ́? Nígbà tí ènìyàn bá gbà pé wọ́n lè mú òun lónìí. Ní Hartford àti Syracuse, ìlú méjì ní Amẹ́ríkà, láàárín 2010 sí 2011, wọ́n kó ọlọ́pàá dà sójú pópó, wọ́n sì ń kéde rẹ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ń bọ̀. Fóònù àgbésétí fi 57 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ní Hartford, ó sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù ní Syracuse. Kò sí gbólóhùn tuntun tí wọ́n fi kún òfin kankan. Ní New South Wales, ìpínlẹ̀ kan ní Ọsirélíà, wọ́n gbé kámẹ́rà tó ń wo inú ọkọ̀ láti òkè dé ní oṣù kejìlá ọdún 2019. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ó yẹ ọkọ̀ mílíọ̀nù 8.5 wò, ó sì rí awakọ̀ tó lé ní 100,000 tí fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́tà ìkìlọ̀ lásán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni owó ìtanràn tó wọlé. Ní Japan, wọ́n fi ìyà kún ìyà ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó kàn mú fóònù dání lè lọ sẹ́wọ̀n. Ìjàǹbá tí fóònù fà dín kù tó ìdajì ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àjàkálẹ̀ àrùn dín ìrìn kù lọ́dún yẹn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àpapọ̀ ìjàǹbá wọn kò dín kù tó ìdajì.

Bó ṣe rí fún ọ̀tí náà nìyẹn. Tipẹ́tipẹ́ ni ìmutí-wakọ̀ ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àfi ìgbà tí ẹ̀rọ tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí dé ní 1967 pẹ̀lú ìwọ̀n pàtó ni ẹ̀rù tó dé.

Mo padà sórí gbólóhùn yín. Oṣù kẹta ọdún 2006 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù kìíní ọdún 2007 ni Apple fi iPhone àkọ́kọ́ han ayé. Ẹ kọ òfin yín fún ohun tí ènìyàn ń gbé sétí, ayé sì fi ohun tí ènìyàn ń tẹjú mọ́ rọ́pò rẹ̀ kí yíǹkì tó gbẹ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, tó ti ní òfin tirẹ̀ láti oṣù kejìlá 2003. Ọkùnrin kan gba ibi ìjàǹbá kan kọjá, ó gbé fóònù, ó ń ya fídíò rẹ̀ bó ṣe ń wakọ̀ lọ. Wọ́n mú un. Ní 2019, ilé ẹjọ́ gíga ní kò jẹ̀bi ẹ̀sùn fóònù, torí pé ìpè àti ìfiránṣẹ́ ni òfin náà ń bá wí, fídíò yíyà kì í sì í ṣe ìpè. N kò bú àwọn adájọ́. Ohun tí wọ́n bá nínú ìwé ni wọ́n kà. Ó di oṣù kẹta ọdún 2022 kí wọ́n tó dí ihò náà. Ní ọdún 2022 yẹn kan náà, ẹ̀yin ráyè fi abala tuntun kún àdéhùn Vienna fún ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò nílò awakọ̀ ti rí òfin gbà lọ́wọ́ yín. Àwa tí a ṣì ń fi ọwọ́ wa wà á ṣì ń lo ti ọdún 2006.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ yọ ọwọ́ kúrò nínú gbólóhùn náà, ẹ fi ojú àti ọkàn sí i. Kí ó kan ohunkóhun tó ní gíláàsì tó ń tàn, ìbáà jẹ́ fóònù, ìbáà jẹ́ èyí tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti kàn mọ́ iwájú awakọ̀, tó fẹ̀ bí ojú fèrèsé. Ẹ yọ "nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ" náà kúrò. Ìwádìí ọdún 2015 láti Utah fi hàn pé lẹ́yìn tí awakọ̀ bá bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tán, ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá 27 kí ọkàn rẹ̀ tó padà wálé. Iná ti yí sí àwọ̀ ewé, ọkọ̀ ti gbéra, ẹni tó ń wà á ṣì wà níbi tó ti ń ka ìròyìn.

Ẹ ó ní ọlọ́pàá kò lè rí ọ̀rọ̀ tó ń jáde nínú lásípíkà. Òótọ́ ni. N kò sì ní kí ẹ fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n nítorí pé ó kí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, àkọsílẹ̀ ìpè wà, òun náà ni wọ́n lò ní Toronto. Àti pé láti ìgbà tí òfin ti ní "fọwọ́ mú" ló ti ń dá èkejì láre: àwọn ènìyàn bíi tèmi gbọ́ pé kí a má fọwọ́ mú un, a sì túmọ̀ rẹ̀ sí pé bí a kò bá ti fọwọ́ mú un, kò séwu. Láti inú òfin yín ni mo ti kọ́ irọ́ tí mo fi gba abẹ́ iná yẹn kọjá. Ó kéré tán, ẹ gba ìpè kúrò lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀ tírélà àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ, fọwọ́ mú un o, má fọwọ́ mú un o. Lẹ́yìn Gray Summit, àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà bẹ gbogbo ìpínlẹ̀ 50 pé kí wọ́n fòfin de gbogbo rẹ̀ fún gbogbo awakọ̀. Kò sí ọ̀kan tó gbà.

Ó ku ẹnì kan tí òfin kankan kì í dárúkọ: ẹni tó pè. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2013, nítòsí Santiago de Compostela ní Spain, ọkọ̀ ojú irin kan wọ kọ́nà tó yẹ kó fi 80 kìlómítà ní wákàtí kan wọ̀. Ó fi 179 wọ̀ ọ́. Nǹkan bí 80 ènìyàn kú. Awakọ̀ náà ti wà lórí fóònù ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣáájú. Ìfẹ́ kọ́, àríyá kọ́. Òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà ló pè é, fóònù iṣẹ́ ló sì gbé. Ọ̀gá mélòó ló ń pe awakọ̀ rẹ̀ lórí ìrìn, tó mọ̀ pé orí ìrìn ló wà, tó sì máa bínú bí kò bá gbé e? Awakọ̀ á gba ìtanràn, ọ̀gá á tún tẹ nọ́ńbà ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fi gbólóhùn kan péré kún ẹsẹ̀ 6, kí ó jẹ́ ti ọ̀gá yẹn.

Àbúrò mi ṣì ń pè. Bí mo bá ti fẹ́ wọ ọkọ̀ báyìí, ẹ̀yìn búùtù ni fóònù ń lọ, ó sì ti ń bínú sí mi lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fèsì lẹ́tà yìí, inú mi á dùn bí ẹ bá kọ ọ́ sórí ìwé. Bí ẹ bá sì pè, tí ẹ gbọ́ pé ó ń dún tí n kò gbé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tún un pè. Mo ń wakọ̀ ni.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Awakọ̀ kan.